Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tí wọ́n ń sọ nípa QR code tí à ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ káàdì ìpè ìgbéyàwó tó ń jáde ní Ṣómólú ní Èkó báyìí ló ní àmì onígun mẹ́rin kan ní ìsàlẹ̀, dúdú níbì kan, funfun níbì kan. Àlejò á na fóònù sí i, ojú ọ̀nà gbọ̀ngàn àpèjẹ á sì yọ. Ilé ìjọsìn ń fi í gba ọrẹ. Olóúnjẹ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí oníbàárà lè sanwó láìbéèrè nọ́ńbà àkáǹtì. Ó wà lára ìwé NIN pàápàá.

Ohun tó bá ti gbòde, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lórí rẹ̀. Oríṣiríṣi ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn atẹ̀wé, lẹ́nu àwọn tó ń ṣe gíráfíìsì, àti lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù fún kọ̀ǹpútà. Òótọ́ wà nínú òmíràn, ṣùgbọ́n irọ́ inú rẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò lówó láti fi ṣòfò, ìyẹn ló sì ká mi lára tí mo fi kọ èyí.

"Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe QR code."

Irọ́ ni, òun sì ni irọ́ tó ń náni lówó jù nínú gbogbo wọn.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ forúkọ àmì náà sílẹ̀ níbì kan, bí ìgbà tí èèyàn lọ gba nọ́ńbà mọ́tò. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú QR code: àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù, nọ́ńbà fóònù, orúkọ èèyàn, ohunkóhun tí a lè tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Áàpù á sọ ọ̀rọ̀ náà di 0 àti 1, á fi àfikún tó ń tún àṣìṣe ṣe kún un, á wá tò ó sínú àwọn ẹyọ onígun mẹ́rin kéékèèké, dúdú àti funfun. Òfin títò rẹ̀ wà ní gbangba. ISO/IEC 18004 ni wọ́n ń pè é, ọdún 2000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín á ṣe é tán kí ẹ tó ṣẹ́jú, bí ẹ bá tiẹ̀ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò.

Ẹni tó bá ní LibreOffice 6.4, èyí tó jáde ní ọdún 2020, tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ti ní irinṣẹ́ tó ń ṣe é lọ́wọ́. Abẹ́ Insert ni kó wò. Ẹni tó ń fi Inkscape ṣiṣẹ́, kó lọ sí Extensions, kó wọ Render, kó wọ Barcode. Àwọn tó ń lo Linux ní qrencode, tí Kentaro Fukuchi kọ. Ìlà kan péré ló ń gbà:

qrencode -t SVG -l H -o kaadi.svg "ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó wà nínú rẹ̀"

Ó parí. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù fúnra yín, ZXing wà fún Java, QRCoder wà fún C#, èyí tí Project Nayuki kọ sì wà ní Java, Python, C++, Rust àti àwọn mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Áàpù tí ẹ bá kọ fún ilé ìwé tàbí fún ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó ya àmì sórí rìsíìtì, nítorí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ni èrò máa ń pọ̀ jù lórí ìlà.

"Àwọn ará Japan ló ni ín, ẹni tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ sanwó fún wọn."

Òótọ́ ni apá àkọ́kọ́, irọ́ ni èkejì.

Ní ọdún 1994, Masahiro Hara àti ìwọ̀nba àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Denso, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó sì bá Toyota tan, ló gbé e jáde. Barcode onílà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò gbà ju bíi lẹ́tà 20 lọ, nítorí náà barcode máa ń pọ̀ lára àpótí kan ṣoṣo, ọwọ́ sì ń ro àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ kà wọ́n. Ibi tí Hara ti ń ta Go, ayò àwọn ará ìlà oòrùn Éṣíà tí wọ́n ń fi ọmọ dúdú àti funfun ta lórí pátákó, ló ti rí i pé a lè to ọ̀rọ̀ lọ sí òró, ká sì tò ó lọ sí ìbú.

Ìṣòro tó kù ni bí ẹ̀rọ ṣe máa tètè mọ ibi tí àmì náà wà láàárín ọ̀rọ̀ àti àwòrán mìíràn tó wà lára ìwé. Wọ́n yẹ ìwé ìròyìn, ìwé ìpolówó àti páálí wò, wọ́n ń wá irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ dúdú àti funfun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú ohun tí èèyàn ń tẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni 1:1:3:1:1: dúdú ẹyọ kan, funfun ẹyọ kan, dúdú ẹyọ mẹ́ta, funfun ẹyọ kan, dúdú ẹyọ kan. Ẹ mú QR code kan, ẹ fi rúlà fa ìlà gba àárín ojú ńlá kan nínú àwọn mẹ́ta tó wà ní igun rẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ ti fà á, ìwọ̀n yẹn lẹ máa bá. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń kà á bí ẹ bá tiẹ̀ yí orí rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ní ti owó, Denso Wave, tó jáde láti inú Denso, ló ni ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ náà, wọ́n sì ti sọ ní gbangba pé àwọn kò ní lo ẹ̀tọ́ yẹn lórí ẹni tó bá tẹ̀lé òfin àmì náà. Orúkọ "QR Code" ni wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ òfin pé tàwọn ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wá san owó ìyọ̀ǹda kí ẹ tó lè ṣe QR code, ẹ má dá a lóhùn.

"QR code máa ń kú lẹ́yìn oṣù mélòó kan."

Ibí ni òótọ́ àti irọ́ ti lọ́ mọ́ra wọn jù.

QR code tí àdírẹ́sì yín gan-an wà nínú rẹ̀ kò lè kú láéláé. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi yíǹkì tẹ̀ ṣe wà lórí ìwé títí ìwé á fi gbó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Èyí tó ń kú ni èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe fún èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní dynamic. Kì í ṣe àdírẹ́sì yín ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀. Àdírẹ́sì kúkúrú tiwọn ni. Fóònù á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ni wọ́n á wá darí rẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ tí àsìkò ìdánwò ọ̀fẹ́ bá tán tí ẹ kò sanwó, wọ́n á dá ìdarí náà dúró. Kò sóhun tó ṣe yíǹkì, àmì náà ṣì ń kà, ṣùgbọ́n ibi tó ń gbé àlejò lọ ti di ojú ìwé tó ń ní kí èèyàn wá sanwó.

Èrè wà nínú dynamic o, mi ò ní í bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lè yí ibi tó ń lọ padà lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀wé tán, ẹ sì lè mọ iye èèyàn tó na fóònù sí i. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń polówó ọjà nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó pẹ́, ìwé ètò ìsìnkú, pátákó ilé ìwé, àkọlé ẹ̀yìn ìwé tí òǹkọ̀wé fowó ara rẹ̀ tẹ̀, kò yẹ kó so mọ́ owó oṣooṣù ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ agbára àtiyí i padà, ẹ ra orúkọ wẹ́ẹ̀bù tiyín, kí ẹ máa darí rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ irú èyí tí wọ́n fún yín kò le: ẹ ṣe skáànù rẹ̀, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ ka àdírẹ́sì tó yọ. Bí kì í bá ṣe èyí tí ẹ kọ fún wọn, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún káàdì.

"Áàpù méjì gba ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n ya àwòrán méjì, ọ̀kan nínú wọn kò dáa."

Irọ́. Àwọn tó ń kọ áàpù ló máa ń bẹ̀rù èyí jù. Bí a bá kàn to 0 àti 1 bó ṣe wá, dúdú lè kó jọ síbì kan, funfun á kó jọ síbòmíràn, kámẹ́rà á sì ṣìnà. Nítorí náà òfin ISO ní ọ̀nà 8 tí áàpù lè gbà yí àwọn ẹyọ kan padà láti dúdú sí funfun, tàbí láti funfun sí dúdú. Áàpù á dán gbogbo 8 wò, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì ẹ̀bi: fún dúdú tàbí funfun márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ẹyọ mẹ́rin aláwọ̀ kan náà tó di àkójọ kan, fún ohun tó bá jọ ojú ńlá igun, àti fún dúdú tó pọ̀ ju funfun lọ tàbí tó kéré sí i. Èyí tí ẹ̀bi rẹ̀ kéré jù ló máa mú, á sì kọ nọ́ńbà èyí tó mú sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ojú ńlá náà, ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí fóònù lè mọ̀.

Bí áàpù méjì bá yàtọ̀ nínú ìyẹn, tàbí nínú ìpele àtúnṣe àṣìṣe tí wọ́n yàn, àwòrán á yàtọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀. Ẹ má fi àwòrán wé àwòrán nígbà tí ẹ bá ń dán áàpù yín wò. Ẹ jẹ́ kí áàpù ka ohun tó yà padà, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀.

"Kíkọ kóòdù rẹ̀ ló le, yíyà á kò ní wàhálà. Ẹ kàn fà á kó tóbi, kí ẹ sì gé funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò."

Irọ́ pọ́ńbélé. Ibi yíyà ni ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Àwọn tó kọ ZXing àti QRCoder ti bá yín ṣe èyí tó le. Ohun tí wọ́n máa kó fún yín ni àtẹ tó ní "dúdú ni" tàbí "funfun ni" fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ máa yà á sójú fèrèsé áàpù.

Ẹ jẹ́ ká mú àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù kan tó ní lẹ́tà 40. Ní ìpele àtúnṣe M, tí mo máa ṣàlàyé níwájú, ó máa bọ́ sínú àtẹ ẹyọ 29 níbùú, 29 lóròó. Funfun ẹyọ 4 gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òfin ló ní kó wà, nítorí òun ni kámẹ́rà fi ń mọ ibi tí àmì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àpapọ̀ rẹ̀ á wá jẹ́ 37. Ká ní ààyè tí ẹ ní nínú fèrèsé jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 300. Ẹ pín 300 sí 37, ó jẹ́ 8 àti díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni ọ̀tá. Bí ẹ bá lo 8.1, etí ẹyọ á máa bọ́ sí àárín píksẹ́ẹ̀lì, kọ̀ǹpútà á fi àwọ̀ eérú tún un ṣe, ẹ ó sì rí ìlà funfun tín-ín-rín láàárín dúdú méjì tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ mú 8 gan-an. Àwòrán á jẹ́ 296, ẹ pín 4 tó kù sí méjì, 2 sápá òsì, 2 sápá ọ̀tún. Ẹ pa antialiasing, ìyẹn fífi àwọ̀ eérú tún etí ṣe yẹn, kí ẹ tó máa ya ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ kun ilẹ̀ rẹ̀ ní funfun fúnra yín. Ọ̀pọ̀ áàpù ló gbàgbé èyí, wọ́n ya dúdú nìkan, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìkùn. Nígbà tí fèrèsé funfun, ó dára lójú. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ń lò ó bá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí àwọ̀ dúdú, àmì dúdú á wà lórí ilẹ̀ dúdú, kò sì sí fóònù tó máa kà á.

Fún ìtẹ̀wé, SVG ló dára jù, torí bó ti wù kí ẹ fà á tó, etí rẹ̀ á mú. Bí ó bá jẹ́ PNG, ẹ jẹ́ kó tóbi láti ìbẹ̀rẹ̀: píksẹ́ẹ̀lì 10 fún ẹyọ kan ní àpẹẹrẹ wa yìí jẹ́ 370, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ ní 300 sí íǹṣì kan, ó máa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 àti díẹ̀, èyí tó ṣeé kà dáadáa lọ́wọ́. Ẹ má fi JPEG ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, etí rẹ̀ á sì ràn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà. Dúdú tàbí àwọ̀ tó kún ló gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀. Wúrà tó ń dán lórí káàdì ìgbéyàwó rẹwà, mo gbà, ṣùgbọ́n iná gbọ̀ngàn á kọ mànà lójú rẹ̀, fóònù á sì máa wá dúdú tí kò rí. Ẹ fi wúrà kọ orúkọ ìyàwó àti ọkọ, kí ẹ fi dúdú tẹ QR code.

"Bí ó bá ti ya díẹ̀, tàbí tí lógò bá wà láàárín rẹ̀, ó ti bàjẹ́."

Irọ́ ni, àmọ́ ó ní ààlà. Ìṣirò tí Irving Reed àti Gustave Solomon gbé jáde ní ọdún 1960, èyí tí wọ́n tún lò fún àwo CD, ló ń dáàbò bò ó. Ìpele mẹ́rin ló wà: L ń tún nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe, M 15, Q 25, H 30. Ẹ wo èyí tó kéré jù, ẹyọ 21 sí 21. Báìtì 26 ló wà nínú rẹ̀. Ní ìpele H, 9 péré ló jẹ́ ti ọ̀rọ̀ yín, 17 tó kù jẹ́ ti àtúnṣe, báìtì 8 sì lè bàjẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín ṣì jáde pérépéré.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò kan ojú ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí omi bá pa ọ̀kan nínú wọn rẹ́, ọ̀pọ̀ fóònù kò ní mọ̀ pé QR code wà níbẹ̀ rárá. Àtúnṣe tó pọ̀ tún ń gba ààyè: àdírẹ́sì lẹ́tà 40 tó gba ẹyọ 29 ní ìpele M, 37 ló máa gbà ní ìpele H, kí ẹ tó ka funfun ẹ̀gbẹ́. Lórí ìwé kan náà, ẹyọ á kéré sí i. Nítorí náà ẹ lo H tí lógò bá máa wọ àárín, kí ìbú lógò náà má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìbú àmì lọ. Tí kò bá sí lógò, M tó.

"Kò lè gba ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn."

Irọ́ ni, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ wa ló ń sọ ọ́. "Ẹ káàbọ̀" tí a kọ bó ṣe yẹ jẹ́ báìtì 15 ní UTF-8: Ẹ gba 3, ọ gba 3, àmì ohùn orí rẹ̀ gba 2, á àti à gba 2 lọ́kọ̀ọ̀kan, k, b àti ààyè gba 1, 1, 1. "E kaabo" tí kò ní àmì jẹ́ 7. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan: àtẹ tó kéré jù, ẹyọ 21, ń gba báìtì 17 ní ìpele L, àtẹ tó tóbi jù, ẹyọ 177, sì ń gba 2,953. Bí àmì ìbéèrè bá yọ níbi tí ẹ ti kọ ẹ tàbí ọ, áàpù ni kò kọ ọ́ ní UTF-8. Nínú ZXing, CHARACTER_SET ni ẹ máa yí sí UTF-8. Ìlà kan ni.

"Bí mo bá ti ṣe skáànù rẹ̀, owó mi ti lọ ní báńkì."

Irọ́. Ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀, fóònù á sì fi ọ̀rọ̀ náà hàn yín. Ewu wà níbi tí ọ̀rọ̀ náà bá gbé yín lọ. Àwọn olè máa ń lẹ ìwé tiwọn lé orí ti ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Pẹ̀lú NQR, ètò ìsanwó oní QR code tí NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, gbé jáde ní ọdún 2021, orúkọ ẹni tó fẹ́ gbowó máa ń yọ kí ẹ tó tẹ PIN. Ẹ kà á. Bí kò bá jẹ́ orúkọ ẹni tí ẹ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dúró.

Ẹ̀yin atẹ̀wé àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù, ẹ jọ̀wọ́, kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ ẹyọ kan sórí irú ìwé tí ẹ fẹ́ lò gan-an, ẹ fi fóònù méjì tó yàtọ̀ síra kà á, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ fóònù tó ti pẹ́. Kí ẹ sì fún oníbàárà ní fáìlì SVG rẹ̀, nítorí òun ló ni ín.